Kí A Tó Ra Sound Card Olówó Pọ́ọ́kú fún Kọ̀ǹpútà Wa

Wáàsí wákàtí méjì kan bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. A gbà á sórí kọ̀ǹpútà alágbèéká, ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ilé, ariwo bíi ti òjò ló bo ohùn Alfa mọ́lẹ̀. Bàbá náà ti di olóògbé báyìí, kò sí bí a ṣe lè tún un gbà. Máìkì la kọ́kọ́ di ẹ̀bi rù. A ra òmíràn, ariwo kò kúrò.

Ihò kékeré ara kọ̀ǹpútà ló fa wàhálà. Íàpíìsì tí a fi ń pe ènìyàn ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe máìkì ńlá, àwọn ẹ̀rọ inú kọ̀ǹpútà náà a sì máa da ariwo tiwọn mọ́ ohùn. Sound card tí a ń fi okùn USB so mọ́ ọn láti ìta ló ń gba ohùn lọ́wọ́ máìkì, tí yóò gbé e sókè, kí ó tó fi ránṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà.

Èyí tó rí bíi fílàṣì ló rọjú jù. Ó tó fún máìkì kékeré tí a ń há mọ́ ọrùn aṣọ. Ṣùgbọ́n bí máìkì yín bá jẹ́ èyí tí ẹnu okùn rẹ̀ ní irin mẹ́ta, XLR ni ẹ ó wá. Behringer UM2 ní ihò XLR kan, Behringer UMC202HD ní méjì, Focusrite Scarlett Solo ní ẹyọ kan.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò nìyí: ọ̀pọ̀ máìkì condenser tó ń lo XLR kì í ṣiṣẹ́ láìsí iná 48V, irú èyí tó ń wá láti ara sound card. Ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ 48V sára rẹ̀. Máìkì dynamic, irú èyí tí ọ̀pọ̀ mọ́sálásí ń lò, kò nílò rẹ̀. Òun gan-an la sì fẹ́ràn jù fún ilé tí jẹnẹrétọ̀ àti fáànù ti ń pariwo, nítorí kì í fi bẹ́ẹ̀ kó ohùn ọ̀nà jíjìn.

Ẹ má jẹ́ kí òǹtajà fi 192kHz gba owó lọ́wọ́ yín. Fún wáàsí àti kíkà àwọn ọmọ, 48kHz ti tó. Bí ó bá jẹ́ ara mixer mọ́sálásí lẹ ti fẹ́ gbà á, ihò tí wọ́n kọ LINE sí ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá ki í sí ti máìkì, ohùn yóò fọ́.

Ẹ gbé kọ̀ǹpútà àti máìkì yín dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kọ̀ǹpútà tuntun mìíràn kò ní ju ihò Type-C lọ, ẹ wò ó bóyá okùn bá a mu. Ẹ gba ohùn ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì fi íàpíìsì gbọ́ ọ níbẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ìró hùùù, ẹ yọ ṣájà kọ̀ǹpútà. Bí ó bá dákẹ́, ṣájà ló fà á, ẹ má tíì dá sound card náà padà.