Àtọ̀sí tí a tọ́jú tí kò lọ tán

Ní Okpomèta, bí ó ti rí ní gbogbo ilẹ̀ Kétu, ọ̀rọ̀ àìsàn ojú ara kì í tètè jáde lẹ́nu èèyàn. Ẹlòmíràn á yọ́ lọ gba abẹ́rẹ́ níbi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ara tù ú, ó rò pé ó ti parí. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ìtọ̀ tún ń ta á, nǹkan tún ń yọ díẹ̀díẹ̀. Á wá máa ronú pé bóyá ayé ló ń ṣe òun.

Kì í ṣe ayé. Kòkòrò tó ń fa kí nǹkan máa yọ lójú ara kì í ṣe ẹyọ kan. Ní 2001, ìwé ìròyìn Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè méje ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, Bẹ̀nẹ̀ sì wà nínú wọn. Nínú àwọn ọkùnrin 659 tí wọ́n yẹ̀ wò, àtọ̀sí ni wọ́n bá lára èyí tó ju ìdajì lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí kòkòrò mẹ́ta mìíràn: chlamydia, trichomonas àti Mycoplasma genitalium. Kòkòrò méjì sì lè jọ wà lára ẹnìkan ṣoṣo.

Abẹ́rẹ́ ceftriaxone ń pa àtọ̀sí, kì í pa chlamydia. Doxycycline, kan láàárọ̀, kan lálẹ́, fún ọjọ́ méje, ló ń pa ìyẹn. Trichomonas gba metronidazole (ẹni tó bá ń lò ó, kó fi sódábì sílẹ̀ ná). Nítorí náà ni nọ́ọ̀sì fi ń fúnni ní oògùn méjì pọ̀. Ẹni tó gba abẹ́rẹ́, tó wá pa hóró tì nítorí ara ti yá, kò tíì tọ́jú ara rẹ̀ tán.

Ti kápúsù inú oòrùn ọjà ńkọ́? Àtọ̀sí ti mọwọ́ tetracycline àti pẹnisílínì tipẹ́, ciprofloxacin náà kò ràn án mọ́ ní ibi púpọ̀. Irú oògùn ẹ̀bá ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni ìjọba lọ kó ní ọjà Adjégounlè ní Kútọnu ní oṣù kejì 2017.

Èyí tó dùn wá jù ni ti ilé. Ọkọ gba ìtọ́jú ní ìkọ̀kọ̀, ìyàwó méjì wà nílé tí wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni kì í mọ àpẹẹrẹ kankan lára. Bí wọ́n bá ti tún sùn pọ̀, ọkọ á tún kó o. Kòkòrò náà ń ba ilé ọmọ jẹ́ ní tirẹ̀, tó bá sì yá, obìnrin yẹn ni wọn á máa pè ní àgàn.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń fún ojú ara wọn wò láràárọ̀ bóyá nǹkan ṣì ń yọ. Fífún yẹn nìkan tó láti mú kí omi máa jáde. Ẹ fi sílẹ̀.

Bí ó bá pé ọjọ́ méje lẹ́yìn ìtọ́jú tí kò tíì dáwọ́ dúró, ẹ padà sí ilé ìwòsàn, ẹ mú páálí oògùn tí ẹ lò dání, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ wò. Bí ti abúlé kò bá ní ẹ̀rọ ìyẹ̀wò, wọ́n lè kọ̀wé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Pobè. Ẹ mú àwọn ìyàwó lọ, kí gbogbo yín lo oògùn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ má sì bá ara yín sùn títí ọjọ́ méje yóò fi pé lẹ́yìn rẹ̀.