Bíà Tó Ń Ta Sánsán Bí Ẹran Yíyan: Èéfín Ni, Kì Í Ṣe Ẹlẹ́dẹ̀

Nínú ilé ìdáná àtijọ́ ní Èjìgbò, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àti àwọn abúlé tó yí i ká, àgbàdo tí wọ́n fẹ́ gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ kì í sùn nínú àpò. Òkè ààrò ni wọ́n ń so ó rọ̀ sí, tòun ti háhá rẹ̀, kí èéfín lè máa bá a láti àárọ̀ dalẹ́. Kòkòrò kì í fẹ́ sún mọ́ ọn níbẹ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, wọ́n á já a wálẹ̀, wọ́n á bó háhá tó ti dúdú kúrò lára rẹ̀. Òórùn tó máa ń jáde nígbà náà, ẹni tó bá ti gbọ́ ọ rí kò lè gbàgbé. Bí ẹja àrọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ látorí iná ló ṣe ń ta sánsán, bẹ́ẹ̀ àgbàdo lásán ni.

Ìbéèrè kan tó ń jà ràìn láàárín àwọn tó ń pọn bíà nínú ilé wọn lókè òkun ló mú mi rántí rẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe lè mú kí bíà ní adùn bacon, ìyẹn ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti ará Amẹ́ríkà máa ń dín jẹ láàárọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà fún wọn. Lọ́dún 2011, ilé iṣẹ́ Rogue ní ìpínlẹ̀ Oregon gbé bíà kan jáde tí wọ́n kọ bacon sí orúkọ rẹ̀ gan-an, ọkà tí wọ́n fi èéfín igi yan sì wà lára ohun tí wọ́n fi pọn ọ́n. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ní Èjìgbò ni kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, àwọn mìíràn kò sì jẹ́ fẹnu kan ọtí láéláé. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kàn wá, nítorí pé inú ààrò ni ìdáhùn rẹ̀ wà.

Ohun tí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà máa kọ́kọ́ rò ni pé kí òun gé ẹran wẹ́wẹ́, kí òun dà á sínú ọtí. Ọtí yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìfófòó funfun tó máa ń gorí ife bíà, purotéènì inú ọkà ló ń gbé e ró, ọ̀rá kì í sì í jẹ́ kí wọ́n di ara wọn mú. Kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹran díndín tán gbé ife bíà sẹ́nu láìnu ètè, kó wo bí ìfófòó náà ṣe máa pòórá. Tí ọ̀rá bá wá pẹ́ nínú ọtí, atẹ́gùn á bà á jẹ́, á máa rùn bí òróró tí wọ́n ti fi dín àkàrà fún ọ̀sẹ̀ kan.

Àwọn kan wá ọgbọ́n mìíràn dá. Lọ́dún 2007, ní ilé ọtí kan tó ń jẹ́ PDT ní New York, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Don Lee yọ́ ọ̀rá bacon, ó dà á sínú ọtí líle bourbon, ó jẹ́ kí wọ́n jọ wà pọ̀, ó wá gbé e sínú fìríìsà. Ọ̀rá dì, ó léfòó, ó bù ú dànù. Ọtí tó kù kò ní ọ̀rá nínú mọ́, àmọ́ òórùn ẹran náà ti wọ̀ ọ́ lára, nítorí pé ọtí líle lágbára láti fa òórùn kúrò lára ọ̀rá. Bíà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń pọn bíà nílé fi máa ń kán díẹ̀ nínú irú ọtí líle bẹ́ẹ̀ sínú bíà wọn nígbà tó bá ti tó mu.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹ̀bùrú ni gbogbo ìyẹn lójú tèmi. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa pé kí ni adùn bacon gan-an. Iyọ̀ wà níbẹ̀, ọ̀rá wà níbẹ̀, ara ẹran tó pọ́n nínú iná wà níbẹ̀. Èyí tí imú máa kọ́kọ́ dá mọ̀ nínú gbogbo wọn ni èéfín. Igi ní èròjà kan nínú tó ń jẹ́ lignin, òun ló ń mú kí igi le kó sì dúró. Nígbà tí iná bá jó o, lignin á fọ́ sí wẹ́wẹ́, lára ohun tó sì máa ń jáde nínú rẹ̀ ni guaiacol àti syringol. Àwọn méjèèjì yìí ló wà lára ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ, lára ẹja yíyan, lára bacon. Nígbà tí imú bá gbọ́ wọn, ẹran ló máa ń pè wọ́n, nítorí pé ara ẹran àti ẹja la ti mọ̀ wọ́n. Tí wọ́n bá wà lára ọkà, ẹran náà ni imú máa pè é.

Ìlú Bamberg ní Jámánì ni èyí ti hàn jù lọ. Ilé ọtí Schlenkerla wà níbẹ̀, tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti wà láti ọdún 1405. Iná igi beech ni wọ́n fi ń gbẹ ọkà báálì tí wọ́n fi ń pọn bíà wọn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò á ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ yíyan wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹran kankan níbẹ̀. Láyé àtijọ́, irú bíà báyìí kì í ṣe ohun àrà, torí pé níbi tí oòrùn kò bá ti tó, iná igi ni wọ́n fi ń gbẹ ọkà, èéfín á sì bá a dandan. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dúró di sẹ́ńtúrì kẹtàdínlógún kí wọ́n tó máa fi coke gbẹ ọkà, ìyẹn èédú ilẹ̀ tí wọ́n ti kọ́kọ́ sun kí èéfín rẹ̀ lè lọ. Bíà tí kò ní èéfín ló jẹ́ àlejò.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Kò sí ìlú Yorùbá tó mọ Àbíjàn bí Èjìgbò. Láti ayé àwọn amúnisìn ni àwọn ọmọ ìlú náà ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, ẹ ó sì máa gbọ́ Faransé lẹ́nu àwọn tó ti ibẹ̀ dé bí ẹ bá ń kiri ọjà Èjìgbò. Ẹni tó bá ti gbé Àbíjàn á mọ tchapalo, ọtí ọkà bàbà tí àwọn obìnrin ń pọn, tí wọ́n ń bù tà nínú igbá. Ìbátan rẹ̀ ni ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ alágbàdo ti ilẹ̀ wa, àti bùrùkùtù tó ti apá Òkè Ọya wá.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wo bí àwọn obìnrin yìí ṣe ń pọntí, torí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n á rẹ ọkà sómi, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ẹní tàbí ewé, wọ́n á bò ó, wọ́n á máa wọ́n omi sí i títí á fi hù. Ọkà tó ń hù ń wá oúnjẹ tí ara rẹ̀ máa jẹ, ó ń ṣe ẹ́ńsáìmù tó máa sọ sítáàṣì inú rẹ̀ di ṣúgà. Apọntí á dá a dúró níbẹ̀, á sá a gbẹ. Lẹ́yìn náà á lọ̀ ọ́, á pò ó mọ́ omi, àwọn mìíràn á fi omi ilá sí i kó lè tètè tòrò. Bó bá silẹ̀ tán, omi òkè ni á kọ́kọ́ bù sọ́tọ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ nìkan ni á gbé kaná, á sè é jinná bí ẹni ń ro ẹ̀kọ, kó tó wá da omi òkè yẹn padà sí i.

Kí ló dé tó fi bu omi yẹn sọ́tọ̀? Sítáàṣì ọkà bàbà àti ti àgbàdo kì í là àfi bí iná rẹ̀ bá gbóná gan-an, irú ooru bẹ́ẹ̀ sì ń pa ẹ́ńsáìmù. Inú omi òkè ni ẹ́ńsáìmù wà. Apọntí gbé e pa mọ́ kúrò níbi iná, ó se sítáàṣì, ó sì tún mú wọn pàdé nígbà tí ooru ti rọlẹ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹ́ńsáìmù fún un rí. Lẹ́yìn èyí, ọtí á kan díẹ̀, wọ́n á tún un sè, á tutù, wọ́n á sì fi ìwúkàrà tí wọ́n gbẹ pa mọ́ láti ara ọtí tó kọjá sí i.

Ibi sísá ọkà yẹn ni èéfín ti lè wọlé. Bí ẹ bá yan ọkà ṣáájú kí ẹ tó rẹ ẹ́, omi á fọ púpọ̀ nínú èéfín náà dànù, ìdí sì nìyẹn tí àgbàdo orí ààrò, bó ti wù kó ta sánsán tó, kò fi ní gbé òórùn rẹ̀ dénú ọtí. Lẹ́yìn tí ọkà bá hù tán ni kí ẹ tẹ́ ẹ sórí asẹ́ lókè iná tó ń rú èéfín tí kò jó. Ẹ na ọwọ́ sí èéfín náà. Bí ara yín kò bá lè gbà á, ẹ́ńsáìmù náà kò ní lè gbà á. Igi líle tó gbẹ dáadáa ni kí ẹ lò. Ayín, tí àwọn tó ń sun èédú mọ̀ dunjú, dára fún un. Ẹ má fi náílọ́nù, táyà, kẹrosíìnì tàbí pákó tí wọ́n kùn dáná rẹ̀ rárá, oró wọn á lẹ̀ mọ́ ọkà. Èéfín igi pàápàá ní benzo(a)pyrene nínú, èyí tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ, nítorí náà kékeré ló tó. Ẹ fi ìdá kan ọkà yíyan sí ìdá mẹ́sàn-án èyí tí wọ́n sá sóòrùn, kí ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó fi kún un.

Ewu mẹ́ta kan tún wà tí mi ò ní fi pa mọ́. Ọkà tó bu nígbà tó ń hù lè ní aflatoxin, oró tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, sísè kì í sì í pa á. Ẹ da irú ọkà bẹ́ẹ̀ nù. Èkejì, èéhù àti gbòǹgbò ọkà bàbà ní èròjà kan tó ń di cyanide, nítorí náà kí ẹ ha wọ́n kúrò nígbà tó bá gbẹ. Ẹ̀kẹta ni pé kí ẹ má gbìyànjú láti sọ ọtí yìí di ògógóró. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ọ̀pọ̀ èèyàn kú ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, methanol inú ọtí líle sì ni wọ́n rí pé ó pa wọ́n.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1988 tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó ọkà báálì wọlé, àwọn ilé iṣẹ́ bíà ní Nàìjíríà ní láti yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo, ohun tí àwọn ìyá wa ti ń fi pọntí láti ọjọ́ pípẹ́. Ọgbọ́n wọn wúlò nígbà yẹn, ó ṣì wúlò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ọgbà Yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Èjìgbò, mo bẹ̀ yín, ẹ mú bírò àti ìwé, kí ẹ lọ bá àwọn àgbà obìnrin tó ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ẹ bi wọ́n léèrè irú igi tí wọ́n fi ń dáná, iye ọjọ́ tí ọkà fi ń hù, àti ibi tí wọ́n ń sá a sí, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè.