Físà ibi tí ẹ ń lọ nìkan kò tó: ẹ béèrè nípa físà transit kí ẹ tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì

Ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, tí àwọn ará Máfòlúkù àti Àjàó Estate ń gbọ́ ariwo bàálù rẹ̀ tọ̀sán-tòru, kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn ìmígíréṣọ̀n nìkan ni wọ́n ti ń dá èèyàn padà. Níbi tí wọ́n ti ń wọn ẹrù gan-an ni ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń bẹ́yìn yọ. Arìnrìn-àjò ní físà ilẹ̀ tó ń lọ lọ́wọ́, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pé, ẹrù rẹ̀ kò ju ìwọ̀n lọ, ẹbí ti sìn ín débẹ̀ pẹ̀lú àdúrà. Òṣìṣẹ́ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà á wá bi í pé físà transit rẹ̀ dà. Bí kò bá ní in, kò ní wọ bàálù lọ́jọ́ náà, owó tíkẹ́ẹ̀tì sì lè wọgbó.

Ẹni tó ń ti Ìsọlọ̀ lọ sí Ìkòròdú lè sọ̀kalẹ̀ ní Òṣòdì kó sì wọ ọkọ̀ mìíràn. Kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló wá ṣe ní Òṣòdì. Ti bàálù kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Toronto, tí ẹ sì ra tíkẹ́ẹ̀tì tó máa dúró ní Paris kí ẹ tó wọ bàálù kejì, ilẹ̀ Faransé lẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ yẹn, bó tiẹ̀ jẹ́ wákàtí méjì péré. Àwọn orílẹ̀-èdè kan kò ka ìdúró bẹ́ẹ̀ sí nǹkan kan. Àwọn mìíràn ní kí ẹ gba ìwé àṣẹ fún un, ìyẹn gan-an ni físà transit.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé wa, ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé pápákọ̀ òfurufú ńlá pín sí apá méjì. Apá àkọ́kọ́ wà ṣáájú tábìlì ìmígíréṣọ̀n: ibẹ̀ ni àwọn tó ń dúró de bàálù kejì máa ń wà, wọn kò tíì wọ ìlú. Apá kejì wà lẹ́yìn tábìlì náà, níbi tí wọ́n ti ń gba ẹrù, tí èèyàn sì ti lè jáde sí títì. Ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ físà transit ni pé: ṣé ẹ máa kọjá tábìlì yẹn àbí ẹ ò ní kọjá rẹ̀?

Yúróòpù ni ìṣòro náà pọ̀ sí jù fún àwa ọmọ Nàìjíríà. Àwọn orílẹ̀-èdè 29 tó wà nínú àdéhùn Schengen, tí Faransé, Jámánì, Netherlands, Bẹ́ljíọ̀mù, Spain àti Ítálì wà lára wọn, ní òfin físà kan náà tí wọ́n ṣe ní ọdún 2009. Nínú òfin yẹn, wọ́n to orúkọ orílẹ̀-èdè 12 tí àwọn ọmọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gba físà transit kódà bí wọn kò bá ní jáde kúrò níbi ìdúró de bàálù. Nàìjíríà wà níbẹ̀. Gánà, Etiópíà, Pakistan, Bangladesh àti Somalia náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ní páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà, tó fẹ́ gba Amsterdam tàbí Frankfurt kọjá, gbọ́dọ̀ ní físà yìí, àfi bí ó bá wà lára àwọn tí òfin náà yọ sílẹ̀.

Ta ni wọ́n yọ sílẹ̀? Ẹni tó bá ní físà Schengen tó ṣì ń ṣiṣẹ́ tàbí ìwé ìgbélùú ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè náà. Ẹni tó bá ní físà Amẹ́ríkà, Kánádà, Jàpáánì tàbí Ireland tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá náà kò nílò rẹ̀, yálà ibẹ̀ ló ń lọ tàbí ibòmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ní káàdì ìgbélùú ayérayé Amẹ́ríkà, èyí tí a mọ̀ sí green card, tàbí ti Kánádà. Àwọn ẹbí ọmọ orílẹ̀-èdè Yúróòpù àti àwọn tó ní páspọ́ọ̀tù aṣojú ìjọba náà wà lára wọn.

Ẹ tún ìlà yẹn kà, ẹ ò ní rí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Ibi tó ti ń dun ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá nìyẹn. Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, físà rẹ̀ ń gba èèyàn lọ́wọ́ físà transit. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021 tó ti jáde tán, kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọmọ yín tó ń kàwé ní Manchester, tó fẹ́ wá bá yín ṣọdún Iléyá, tó rí tíkẹ́ẹ̀tì tó dínwó gba Paris, kò lè fi físà akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kọjá ní Paris. Ó gbọ́dọ̀ gba físà transit ilẹ̀ Faransé kó tó kúrò ní Manchester, kó sì rí i pé èyí tó gbà máa gbé e bọ̀ wálé kó tún gbé e padà, nítorí wọ́n lè fúnni ní ti ẹ̀ẹ̀kan, ti ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ti ọ̀pọ̀ ìgbà. Bí ó bá gba ti ẹ̀ẹ̀kan, ó lè dé Èkó wẹ́rẹ́ kó wá há sílé nígbà tí ilé ìwé bá wọlé.

Páspọ́ọ̀tù ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ẹni tí èèyàn jẹ́ nílé ọkọ tàbí nílé aya. Bàbá lè ní páspọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ìyá ní ti Nàìjíríà pẹ̀lú físà ìgbélùú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn méjèèjì jọ ra tíkẹ́ẹ̀tì kan náà gba Amsterdam. Bàbá á kọjá, wọ́n á dá ìyá dúró. Jíjẹ́ aya ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sọ ọ́ di ẹbí ọmọ Yúróòpù lójú òfin yìí mọ́. Ọ̀rọ̀ Umrah náà wà níbẹ̀: físà Saudi Arabia kò sí lára àwọn tó ń yọ èèyàn sílẹ̀. Ẹni tó bá rí tíkẹ́ẹ̀tì Èkó sí Jeddah tó gba Frankfurt, tí owó rẹ̀ sì wọ̀ ọ́ lójú, kó rántí ìyẹn.

Ìdẹkùn mìíràn wà tí àwọn ejẹ́ǹtì kan kì í sọ. Físà transit gba èèyàn láàyè láti dúró ní pápákọ̀ kan ṣoṣo. Bí tíkẹ́ẹ̀tì yín bá dúró ní Paris, tó tún dúró ní Frankfurt kó tó lọ síta Yúróòpù, ìrìn-àjò Paris sí Frankfurt dà bí ìgbà tí èèyàn wọ bàálù láti Èkó lọ sí Abuja. Paris ni ẹ ti máa kọjá tábìlì ìmígíréṣọ̀n, ẹ sì ti wọ Yúróòpù nìyẹn. Físà transit kò lè ṣe é, odindi físà Schengen lẹ máa gbà. Kódà físà Amẹ́ríkà tó ń gbà yín lọ́wọ́ físà transit kò lè gbà yín níbí.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ní òfin tirẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ gba Heathrow kọjá lọ síbòmíràn, bí kò tiẹ̀ ní jáde, nílò físà tí wọ́n ń pè ní Direct Airside Transit Visa. Bí ó bá máa kọjá tábìlì ìmígíréṣọ̀n, bí àpẹẹrẹ láti gba ẹrù tàbí láti ti Heathrow lọ wọ bàálù ní Gatwick, físà Visitor in Transit ló kàn án, wákàtí 48 sì ni wọ́n fi mọ sí. Físà Amẹ́ríkà, Kánádà, Australia tàbí New Zealand tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ń gba èèyàn lọ́wọ́ ti àkọ́kọ́.

Amẹ́ríkà kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìdúró láìwọlé. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2003 ni wọ́n ti dá àyè tó wà fún kíkọjá láìní físà dúró, gbogbo ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ ló ń kọjá lọ́dọ̀ ìmígíréṣọ̀n. Bí kò bá ní físà Amẹ́ríkà mìíràn, físà C-1 ló máa gbà. Kánádà náà ń béèrè físà transit lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n wọn kì í gbowó fún un bí ìdúró náà kò bá ju wákàtí 48 lọ.

Ṣé gbogbo ọ̀nà ló wá dí ni? Rárá. Ẹni tó bá gba Addis Ababa, Istanbul, Doha tàbí Dubai, tó sì dúró sínú láìkọjá tábìlì ìmígíréṣọ̀n, kò nílò físà transit. Ìdí kan nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àwọn onírìn-àjò Umrah láti Èkó fi ń gba ibẹ̀. Lomé tún rọrùn jù: ọmọ Nàìjíríà jẹ́ ọmọ ECOWAS, àdéhùn ọdún 1979 sì fún un ní ẹ̀tọ́ láti wọ Tógò láìgba físà fún ọjọ́ 90. Kò séwu bó bá jáde lọ sùn sínú ìlú. Bàálù tí kì í dúró lọ́nà náà wà. Láti ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2024 ni Air Peace ti bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Èkó lọ sí Gatwick, yàtọ̀ sí àwọn ti òyìnbó tó ti wà tẹ́lẹ̀.

Saudi Arabia fúnra rẹ̀ ní físà transit tó jẹ́ pé ìdẹ̀ra ló wà fún. Ọjọ́ 30 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì Saudia tàbí flynas ní físà orí íntánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ kí wọ́n lè lo wákàtí 96 nílùú náà, kí wọ́n ṣe Umrah, kí wọ́n sì ṣe àbẹ̀wò sí mọ́ṣáláṣí Ànábì ní Mẹ̀dínà. Kò wúlò fún Haji. Ẹ rí físà náà gbà tán lórí páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà yín kí ẹ tó gbára lé e.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè ba nǹkan jẹ́. Bí ẹ bá ra Èkó sí Istanbul lọ́tọ̀, tí ẹ tún ra Istanbul sí ibòmíràn lọ́tọ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn, wọ́n lè má ta àtaré ẹrù yín. Ẹ máa ní láti jáde lọ gbà á kí ẹ tún lọ fà á kalẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wọn ẹrù, kíkọjá tábìlì sì nìyẹn. Istanbul tún ní pápákọ̀ méjì, bàálù kejì sì lè jẹ́ ti Sabiha Gökçen tó wà ní òdìkejì ìlú. Físà Tọ́kì lẹ máa nílò nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Paris, tó ní Charles de Gaulle àti Orly.

Àwọn kan máa ń rò pé òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ bàálù kàn ń fojú pọ́n àwọn ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé dé Yúróòpù, àwọn ló máa san ìtanràn lórí rẹ̀, òfin ọdún 2001 sì sọ ọ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún yúrò, àwọn náà ló tún máa gbé e padà lówó ara wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wo ètò kan tó ń jẹ́ Timatic lórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó fúnni ní ìwé ìwọ̀kọ̀. Ohun tí Timatic bá sọ labẹ́ gé, ẹ̀bẹ̀ kì í yí i padà.

Ẹni tó bá fẹ́ gba físà transit Yúróòpù, orílẹ̀-èdè tó máa gbà kọjá ló máa lọ bá, tàbí ilé iṣẹ́ tó ń gba ìwé fún un. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 2024, 90 yúrò ni owó rẹ̀, iye kan náà tí wọ́n ń gba fún físà àbẹ̀wò. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà títí dé ọdún 11 ń san 45 yúrò, àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà kò san nǹkan kan. Wọ́n ń gba ìwé láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò, ó pẹ́ tán kó ku ọjọ́ 15. Wọ́n máa béèrè páspọ́ọ̀tù tí kò tíì ju ọdún mẹ́wàá lọ tó sì ní ojú ewé méjì tó ṣófo, fọ́tò, ìtẹ̀ka, ètò tíkẹ́ẹ̀tì yín àti físà ibi tí ẹ ń lọ gan-an. Bí ẹ bá ro 90 yúrò yẹn mọ́ owó tíkẹ́ẹ̀tì "tó dínwó", ẹ lè rí i pé èyí tó gba Addis tàbí èyí tó lọ tààrà ló dínwó jù, pàápàá bí ẹ bá pọ̀.

Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ejẹ́ǹtì yín, ní Òṣòdì tàbí ní Òkè-Àfà, kí ẹ tó kówó sílẹ̀, ẹ bi í pé ìlú mélòó ni bàálù máa dúró sí lọ́nà, ṣé tíkẹ́ẹ̀tì kan ni gbogbo rẹ̀, ibo ni ẹrù máa já sí, ṣé pápákọ̀ kan náà ni bàálù kejì ti máa gbéra. Ẹ ní kó wo Timatic fún páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà pẹ̀lú físà tí ẹ ní lọ́wọ́, kó sì fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Bí ìrìn-àjò náà bá jẹ́ ti ìdílé, kó wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan fún páspọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan, títí kan ti ọmọ ọwọ́.