Ẹni tí ó lọ kọ́ṣẹ́ ní òkè òkun, kí ni yóò mú bọ̀ wá sílé?

Kò ṣọ̀wọ́n mọ́ ní Yábàá, ní Sùúrùlérè àti ní Mùṣin pé kí a rí ọ̀dọ́ tí ó ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, tí ó sì ti ń ṣiṣẹ́ ní báńkì tàbí ní ọ́fíìsì, tí ó tún ń kọ̀wé sí òkè òkun. Kì í ṣe oyè yunifásítì nìkan ni irú wọn ń wá. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni ètò tí ń mú ọ̀dọ́ lọ sí ilẹ̀ òkèèrè fún ìgbà díẹ̀, kí ó kọ́ bí a ti ń ṣe àkóso òwò, kí ó sì bá àwọn ará ibẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú ilé iṣẹ́ wọn kí ó tó padà. Ọ̀rọ̀ náà kan bàbá àti ìyá bí ó ti kan ọmọ, nítorí owó ilé wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ tí a ó fi sílẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìrètí gbogbo ẹbí sì rọ̀ mọ́ ọn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé ohun àjèjì ni. Ẹni tí ó bá rìn dé ọjà Ládípọ̀ ní Mùṣin yóò rí àwọn ọmọṣẹ́ tí ń kọ́ òwò ẹ̀yà ara ọkọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá wọn. Bákan náà ni télọ̀ àti mẹkáníìkì ń gba ọmọṣẹ́, títí di ọjọ́ tí ọmọ yóò ṣe fírídọ́ọ̀mù. Ìkọ́ṣẹ́ ni èyí tí a ń wí yìí pẹ̀lú. Òkun ni ó wà láàrin ọmọ àti ọ̀gá.

Àwọn baba wa pàápàá ti rìn ín rí. Henry Venn, ẹni tí ó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ C.M.S. ní Lọ́ńdọ́nù láti 1841 títí di 1872, gbà pé ìjọ tí kò ní òwò lọ́wọ́ kò lè dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Nítorí náà ni ó ṣe bá Thomas Clegg, oníṣòwò òwú ní Manchester, sọ̀rọ̀, kí a lè kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa ní iṣẹ́ òwú. Láàrin ọdún 1850 sí 1860 ni Henry Robbin kọ́ iṣẹ́ náà ní Manchester. Nígbà tí ó dé, òun àti Samuel Crowther kékeré, ọmọ Àjàyí Crowther, ṣe àkóso ilé iṣẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, níbi tí a ti ń ra òwú, tí a ń yọ kóró rẹ̀, tí a sì ń dì í ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba.

Ẹ kíyèsí bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Àwọn àgbẹ̀ wa ń gbin òwú. Ẹ̀rọ wà ní Abẹ́òkúta. Ẹni tí yóò rà á ní Manchester, a mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ tí Robbin kọ́ ní ibi tí yóò gúnlẹ̀ sí. Lóòótọ́, ìjì jà lẹ́yìn èyí: ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, láti 1861 sí 1865, gbé owó òwú sókè, ṣùgbọ́n nígbà tí ogun parí, owó náà já wálẹ̀, ní 1867 ẹ̀wẹ̀, rògbòdìyàn tí a ń pè ní Ifọ́lé lé àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì kúrò ní Abẹ́òkúta. Ìkọ́ṣẹ́ kì í dá ìjì dúró, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ rí ohun dì mú nígbà tí ìjì bá dé.

Ní ìgbà tiwa yìí, ètò ti pọ̀. Ní 2014 ni ìjọba Amẹ́ríkà, nígbà tí Barack Obama jẹ́ ààrẹ, kọ́kọ́ kó 500 ọ̀dọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà lọ sí àwọn yunifásítì rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nínú ètò tí a fi orúkọ Mandela pè. Ẹ̀ka kan nínú rẹ̀ jẹ́ ti òwò, nǹkan bí ìdajì àwọn tí ó lọ ni obìnrin, a sì fi díẹ̀ nínú wọn sí ilé iṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kí wọ́n lè fi ojú rí ohun tí wọ́n kọ́. Nǹkan bí 50,000 ni ó kọ̀wé béèrè fún àyè 500 yìí. Ìjọba Jàpáànù pẹ̀lú ṣèlérí ní 2013, níbi ìpàdé Yokohama, pé òun yóò gba 1,000 ọ̀dọ́ Áfíríkà láàrin ọdún márùn-ún, kí wọ́n gba oyè kejì ní yunifásítì, kí wọ́n sì kọ́ṣẹ́ nínú àwọn ilé iṣẹ́ Jàpáànù.

Ní ti ilé tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ lọ, ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí a béèrè.

Èkínní: Ta ni yóò san owó? Ètò Mandela kò gba kọ́bọ̀ lórí ìwé ìbéèrè. Ìjọba Amẹ́ríkà ni ó san owó ọkọ̀ òfuurufú, ibùgbé àti oúnjẹ àwọn tí ó lọ. Àwọn ètò mìíràn wà tí ń gba owó, èyí kì í sì ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ kedere tí a sì fúnni ní rìsíìtì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wí pé òun lè mú físà dájú fún ọmọ yín, irọ́ ni ó ń pa, nítorí ọwọ́ àwọn aṣojú ìjọba tí ó ni ilẹ̀ náà nìkan ni físà wà. Ẹ má ṣe ta ilẹ̀ bàbá yín nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Èkejì: Kí ni ọmọ yóò máa ṣe níbẹ̀? Òfin Amẹ́ríkà lórí irú físà yìí, tí a ń pè ní J-1, béèrè pé kí ẹni tí ó ń lọ kọ́ṣẹ́ nínú ilé iṣẹ́ ní ìwé tí ó sọ ohun tí a ó kọ́ ọ àti ẹni tí yóò kọ́ ọ; DS-7002 ni nọ́ńbà ìwé náà. Ó sì kọ̀ pé kí a sọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ di alágbàṣe. Bí ìwé ìkọ́ṣẹ́ kò bá sí, ó lè jẹ́ pé ìgbálẹ̀ àti àwo fífọ̀ ni a ń pè ní ẹ̀kọ́ òwò.

Ẹ̀kẹta, èyí tí a sábà máa ń gbàgbé: Kí ni yóò bọ̀ wá bá? Púpọ̀ nínú àwọn tí owó ìjọba gbé lọ sí Amẹ́ríkà lórí físà J-1 ni òfin béèrè pé kí wọ́n gbé ọdún méjì ní ilé kí wọ́n tó lè wá ibùgbé títí láé níbẹ̀. Ilé sì ni àbọ̀ sinmi oko. Kí ọmọ bá ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì sọ̀rọ̀ kí ó tó lọ, kí ó sì gba ìdáhùn ní ìwé, bóyá a ó fi àyè rẹ̀ pamọ́ dè é. Bí ó bá ní òwò tirẹ̀, kí ó mọ ẹni tí yóò dúró sí ṣọ́ọ̀bù.

Ẹni tí a kò bá mú, kí ó má ṣe rò pé ilẹ̀kùn ti tì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Yábàá ti wà láti 1947, yunifásítì ìlú Èkó sì ti wà láti 1962. Láti 1973 ni ètò SIWES ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ nínú ilé iṣẹ́ ní ilẹ̀ yìí kan náà. Ní 2016 Mark Zuckerberg, tí ó dá Facebook sílẹ̀, wá fúnra rẹ̀ sí Yábàá, sí ilé CcHub, láti rí iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ wa.

Nítorí náà, nígbà tí ìwé ìpè bá dé, kí bàbá, ìyá àti ọmọ jókòó ní alẹ́ ọjọ́ kan, kí ọmọ ka gbogbo rẹ̀ sókè, kí ó túmọ̀ rẹ̀ fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí a sì bi í ní ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ó bá rí ìdáhùn sí wọn, ẹ gbàdúrà fún un, kí ẹ sì jẹ́ kí ó lọ, ìbáà jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin.