Bóòhóòlù gbẹ, ẹnjiníà ti lọ: báwo la ṣe ń mọ ẹni tó mọṣẹ́?

Láàárín oṣù Kejì sí Kẹta ọdún, ẹni tó bá yà láti Mọ́níyà, lẹ́bàá Ìbàdàn, wọ àwọn abúlé Akínyẹlé, tàbí tó gba Ìyànà Ọ̀fà wọ oko Lágelú, yóò rí páìpù tó yọrí nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, tí wọ́n fi ọ̀rá dì lẹ́nu, tí táńkì orí rẹ̀ ṣófo. Bóòhóòlù ni. Nígbà òjò, omi rẹ̀ ń tú yàà. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó di ọ̀ṣọ́. Irú rẹ̀ wà lọ́nà Àkànràn ní Ọ̀nà-Àrà, ó wà lẹ́yìn Ẹ̀gbẹ́dá. Ẹ bi onílé pé ta ló gbẹ́ ẹ, yóò ní: "Ẹnjiníà kan ni."

Lọ́dọ̀ wa, kò sí oníṣẹ́ tí kì í ṣe ẹnjiníà. Ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, ẹni tó ń gbé sólà sórí òrùlé, ẹni tó ń fa wáyà, ẹni tó ń da kọnkéré, orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́. Púpọ̀ nínú wọn kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, wọ́n ṣe fúrídọ̀mù, wọ́n gba ìwé, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ wọn dáadáa. Àpọ́nlé lásán ni orúkọ náà, kò sì burú. Ibi tó ti ń ba nǹkan jẹ́ ni ìgbà tí a bá gba àpọ́nlé ní ẹ̀rí, tí a wá kó owó tó lè ju mílíọ̀nù náírà kan lọ lé ẹnìkan lọ́wọ́ nítorí ohun tí aládùúgbò ń pè é.

Òfin kò fi orúkọ náà ṣeré. Láti ọdún 1970 ni Nàìjíríà ti ní ìgbìmọ̀ COREN, tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀. Ìwé rẹ̀ ní ìpele mẹ́rin, láti orí ẹnjiníà títí dé orí oníṣẹ́ ọwọ́, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ìwé COREN kò sọ fún yín pé ẹni tó ni ín mọ ibi tí omi wà. Ẹnjiníà iná mànàmáná lè ní ìwé tó pé, kó má mọ nǹkan kan nípa àpáta. Jiọ́lọ́jíìsì, onímọ̀ ilẹ̀ àti àpáta, ló ni iṣẹ́ yẹn, ìgbìmọ̀ tiwọn sì ni COMEG, tí òfin 1990 dá sílẹ̀. Lọ́wọ́ kejì, ẹni tó ti pẹ́ nídìí ríìgì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́lẹ̀, láìní ìwé kankan lè fojú lásán mọ èrúpẹ̀ tó ń jáde. Nítorí náà, ilẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi dán an wò.

Ilẹ̀ wa ní ìwà tirẹ̀. Ní etíkun Èkó, iyanrìn ló pọ̀ jù, omi sì wà káàkiri inú rẹ̀. Àpáta líle ayé àtijọ́ ni Ìbàdàn àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó yí i ká jókòó lé. Ibi méjì péré ni omi ń gbé níbẹ̀: inú ilẹ̀ tí àpáta ti jẹrà dà, tó ń fa omi òjò mu bíi kànìnkàn, àti inú ibi tí àpáta fúnra rẹ̀ ti sán. Ìdí nìyí tí bóòhóòlù méjì fi lè wà nínú ọgbà kan náà, kí ọ̀kan lómi, kí èkejì gbẹ.

Láti mọ ibi tí èyí tó lómi wà, onímọ̀ yóò kan ọ̀pá irin mẹ́rin mọ́lẹ̀, yóò fi iná bátìrì ránṣẹ́ gba inú méjì, yóò sì fi méjì tó kù wo bí ilẹ̀ ṣe ń dènà iná náà tó. Bí ó ṣe ń sún àwọn ọ̀pá òde jìnnà síra, bẹ́ẹ̀ ni ìwò rẹ̀ ń jinlẹ̀ sí i. Conrad Schlumberger, ará Faransé, ló ṣe irú àyẹ̀wò yìí ní 1912. Àpáta gbígbẹ máa ń dènà iná gan-an. Ilẹ̀ olómi máa ń jẹ́ kó kọjá. Amọ̀ náà máa ń jẹ́ kó kọjá, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà, torí amọ̀ a máa gba omi sára, kì í fi í sílẹ̀. Ẹ bi ẹnjiníà yín pé: "Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé kì í ṣe amọ̀ lẹ rí yẹn?" Ẹni tó mọṣẹ́ yóò ní àlàyé. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, omi wà níbẹ̀."

Àwọn mìíràn kì í gbé ẹ̀rọ wá rárá. Wáyà méjì tàbí igi onípàlàkà ni wọ́n ń dì mú, wọ́n ní yóò tẹ̀ bí wọ́n bá dé orí omi. Ní Jámánì, ní 1987 àti 1988, wọ́n dán irú àwọn bẹ́ẹ̀ wò lẹ́bàá Munich. Nínú nǹkan bí 500 ènìyàn, wọ́n ṣa 43. Wọ́n ń gbé páìpù olómi kiri ní ìsàlẹ̀ abà kan, ẹni tó ń wá omi sì wà lókè, yóò sọ ibi tó wà. Ìgbà 843 ni wọ́n dán an wò. Àwọn tó ṣe ìdánwò náà ní àwọn díẹ̀ lẹ́bùn. Jim Enright, ará Amẹ́ríkà, tún iye wọn yẹ̀ wò, ó ní àkọsẹ̀bá lásán ni, àwọn tó mókè lónìí kò mókè lọ́la. Kí ló dé tí onígi wa fi ń rí omi? Nígbà òjò, ibi tó pọ̀ ni omi díẹ̀ wà nínú ilẹ̀ tó jẹrà. Rírí omi lọ́jọ́ iṣẹ́ kò fi nǹkan kan hàn. Oṣù Kẹta ni adájọ́.

Àmọ́, ohun púpọ̀ wà tí ẹ lè fojú rí kí oṣù Kẹta tó dé. Mítà ni wọ́n fi ń gba owó, nítorí náà ẹ wọn ọ̀pá ríìgì kan, kí ẹ ka iye tó wọlẹ̀. Bí wọ́n bá parí, ẹ so òkúta mọ́ okùn, ẹ sọ ọ́ sínú kànga, ẹ wọn okùn náà. Ẹni tó mọṣẹ́ a máa to èrúpẹ̀ sílẹ̀ ní òkìtì-òkìtì bó ṣe ń jinlẹ̀, kó lè rí ibi tí pupa ti di eérú, tí àpáta tútù ti bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí bóòhóòlù jìnnà sí ṣáláńgá tó mítà 30, kí sìmẹ́ǹtì sì yí ẹnu páìpù ká kí omi ìdọ̀tí má baà ṣàn wọlé. Bí ríìgì ṣe tuntun tó, bí ọkọ̀ ẹnjiníà ṣe ń dán tó, ìyẹn ò kan omi.

Àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń fò ni fífa omi fún wákàtí púpọ̀. Kẹ́ẹ̀gì 25 lítà àti aago fóònù ti tó. Bí kẹ́ẹ̀gì bá kún ní ìṣẹ́jú àáyá 50, ìdajì lítà ni kànga ń mú wá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó jẹ́ 1,800 lítà ní wákàtí kan. Ẹ wọ̀n ọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ẹni tó bá fa omi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tó wá na ọwọ́ gba owó, omi inú páìpù ló fi hàn yín.

Ẹ má san owó tán kí ẹ tó gba ìwé tó sọ bí kànga ṣe jìn tó, gígùn páìpù inú rẹ̀, ibi tí omi dúró sí àti iye tó ń mú wá. Kí ẹ sì ní kó mú yín lọ sí bóòhóòlù tó gbẹ́ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ní ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ bi àwọn obìnrin tó ń pọnmi níbẹ̀. Bí ó bá kọ̀, ẹ wá ẹlòmíràn.