Ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ àti iṣẹ́ Olówè

Ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, wà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ìlú tí àpáta Ọlọ́sùnta àti Òròlé yọrí lé lórí. Bíi ti àwọn ààfin Èkìtì ìgbàanì, kì í ṣe ilé kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ síbẹ̀. Àgbàlá ló bí àgbàlá, ọ̀kan ń gba inú èkejì kọjá. Yàrá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló yí àgbàlá kọ̀ọ̀kan ká, òrùlé da gẹ̀rẹ́ sí apá inú, àárín sì wà ní gbangba fún oòrùn àti òjò. Omi tó bá ṣàn sílẹ̀ láti orí òrùlé á gba ojú ihò jáde sẹ́yìn ilé. Irú ilé bẹ́ẹ̀ wà ní Ìbíní náà, ìtàn ìlú sì sọ pé ọdẹ láti Ìbíní ni Ògògà àkọ́kọ́. Síbẹ̀, ẹni tó bá tìtorí èyí sọ pé Ìbíní ló kọ́ Ìkẹ́rẹ́ nílé kíkọ́ ti kánjú, torí ilé alágbàlá kárí ilẹ̀ Yorùbá.

Amọ̀ tí wọ́n fi ẹsẹ̀ pò ni wọ́n fi mọ ògiri. Wọn a mọ ìpele kan, wọn a jẹ́ kó gbẹ, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ògiri náà nípọn, inú ilé sì máa ń tutù lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn. Koríko tàbí ewé ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi bo òrùlé kí páànù tó dé. Omi ni ọ̀tá ògiri amọ̀: bí òrùlé bá ti ń jò tí ẹnikẹ́ni ò tún un ṣe, ògiri á rọ̀, á sì wó. Ìdí nìyí tí apá kan nínú ọ̀pọ̀ ààfin àtijọ́ fi di àlàpà, tí ilé búlọ́ọ̀kù sì dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Igi ló gbé òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ró, ibẹ̀ sì ni gbẹ́nàgbẹ́nà ti ń fi ọwọ́ rẹ̀ hàn. Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ni wọ́n bí Olówè gbẹ́nàgbẹ́nà sí ní nǹkan bí ọdún 1873, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ló gbé, ọ̀dọ̀ Arínjalẹ̀, ọba ìlú náà, ló ti ṣiṣẹ́, ó sì kú ní 1938. Láàárín 1910 sí 1914 ó gbẹ́ òpó fún Ògògà. Èyí tó gbajúmọ̀ jù lọ nínú wọn ga ju mítà kan ààbọ̀ lọ díẹ̀: ọba jókòó pẹ̀lú adé lórí, ẹyẹ wà ní ṣóńṣó adé náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì kanlẹ̀. Olorì àgbà dúró gbọnrangandan lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí ìtẹ́. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó á rí i pé kì í ṣe ọba ni òpó. Olorì ló ga, ara rẹ̀ ni ẹrù òrùlé gbà kọjá dé ilẹ̀. Olówè dá àlàfo sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, ohun tí gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń ronú ìwúwo òrùlé nìkan kò ní dán wò.

Ilẹ̀kùn tí Olówè gbẹ́ fún ààfin náà kò kéré sí òpó. Ewé méjì ló ní, ó sì fi hàn bí Ògògà ṣe gba Captain Ambrose, ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lálejò. Ọba àti olorì wà lójú ewé kan. Lójú èkejì ni òyìnbó náà wà tí wọ́n gbé e rù, pẹ̀lú àwọn alárù tó tẹ̀ lé e. Orí àwọn ère náà yọ jáde débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lára pákó, kí oòrùn àgbàlá lè dá òjìji sí wọn lára.

Ní 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum fẹ́ rà á, ṣùgbọ́n Ògògà kò gba owó. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà ní pàṣípààrọ̀ fún un. Òpó ọba àti olorì dé Art Institute ní Chicago ní 1984, níbi tí wọ́n ti ń wò ó yípo bí ère, láìsí òrùlé kankan lórí rẹ̀.