Òkè-Èrí lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde: Ọrọ̀ wà lórí òkè, ta ni yóò jẹ èrè rẹ̀?

Bí ọdún Iléyá bá ti pé ọjọ́ kẹta, Ìjẹ̀bú-Òde máa ń kún àkúnya. Ọjọ́ Ojúde Ọba ni. Kí ọjọ́ náà tó kò, àwọn aránṣọ kì í fi bẹ́ẹ̀ sùn, àwọn tó ń ta aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ àti bàtà a máa rí ọjà tà, àwọn onílé ìtura náà a sì máa gba owó yàrá ṣáájú. Nígbà tí wọ́n ṣe ti ọdún 2024 ní ọjọ́ 18, oṣù kẹfà, àwòrán àwọn ẹlẹ́ṣin àti àwọn ẹgbẹ́ Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tàn ká gbogbo ayé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Ojúde Ọba ń wáyé lọ́dún. Ìbéèrè tó kan oníṣòwò kékeré ni pé, kí ni yóò máa mú àlejò wá ní àwọn oṣù yòókù?

Apá kan nínú ìdáhùn náà wà lórí òkè kan tí kò jìnnà sí ìgboro Ìjẹ̀bú-Òde. Òkè-Èrí ni wọ́n ń pè é. Orúkọ rẹ̀ ti sọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí. Ìlú kékeré ni, ìlú ibùgbé ni ju ìlú ọjà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọjà púpọ̀ tàbí tó bá fẹ́ lọ sí báńkì, Ìjẹ̀bú-Òde ló máa sọ̀ kalẹ̀ lọ. Síbẹ̀, orúkọ ìlú kékeré yìí ti dé etí àwọn onímọ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, nítorí pé níbẹ̀ ni ibojì tí wọ́n gbà pé ó jẹ́ ti Bílíkísù Súngbọ́ wà.

Ìtàn opó olówó

Gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí àwọn àgbà Ìjẹ̀bú ń sọ, opó ni Súngbọ́, ó lówó, ó lọ́lá, ṣùgbọ́n kò bímọ. Nígbà tó rò ó pé kò sí ọmọ tí yóò máa jẹ́ orúkọ òun lẹ́yìn ikú, ó ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà ńlá yí ilẹ̀ ká, kí ayé má baà gbàgbé òun. Yàrà ọ̀hún ni wọ́n ń pè ní Erédò Súngbọ́. Ọdọọdún ni àwọn Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti àwọn oníṣẹ̀ṣe máa ń wá síbi ibojì rẹ̀ ní Òkè-Èrí láti gbàdúrà.

Erédò kì í ṣe kòtò lásán. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 160. Ní àwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ mọ tó mítà 20, èyí tó ga ju ilé alájà márùn-ún lọ. Orí ilẹ̀ pupa ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ, ewéko sì ti bo púpọ̀ nínú ògiri náà, débi pé ènìyàn lè kọjá lẹ́bàá rẹ̀ kó má mọ ohun tó wà níbẹ̀ títí tí yóò fi bọ́ sínú rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Patrick Darling, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe ìwádìí lórí rẹ̀, ṣírò rẹ̀ pé yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó nídìí iṣẹ́ náà pọ̀ ju ohun tí wọ́n fi kọ́ píramídì tó tóbi jù lọ ní Íjíbítì lọ. Ọdún 1999 ni ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ gba ayé kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé P. C. Lloyd ti kọ̀wé lórí Erédò láti ọdún 1959.

Ìṣòwò kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ yìí

Àwọn Pọtogí ti gbọ́ nípa Ìjẹ̀bú láti nǹkan bí ọdún 500 sẹ́yìn. Duarte Pacheco Pereira, tó kọ ìwé rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1500, dárúkọ ìlú ńlá kan tí yàrà yí ká ní agbègbè yìí. Ó sọ ọjà tí wọ́n ń ná níbẹ̀ pẹ̀lú: eyín erin àti ẹrú, tí wọ́n ń fi ẹ̀gbà idẹ rà. Ohun tó wúlò fún oníṣòwò òde òní nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ìjọba Ìjẹ̀bú mọ iyì ààlà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ará Ìjẹ̀bú kò jẹ́ kí àjèjì gba ilẹ̀ wọn kọjá bó ṣe wù ú. Ọjà Ejìnrìn létí ọ̀sà ni wọ́n ti ń pàdé àwọn ará Èkó, ọjà Òrù sì ni ti àwọn tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìbàdàn. Láàrin méjèèjì, ọwọ́ Ìjẹ̀bú ni èrè ń gbà kọjá, títí di oṣù karùn-ún ọdún 1892 tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun wọn ní Ìmàgbọ̀n, tí wọ́n sì fipá ṣí ọ̀nà.

Lónìí, ọ̀nà ti ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Títì márosẹ̀ tó lọ láti Ṣágámù sí Ọrẹ̀ títí dé Benin gba ẹ̀gbẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde kọjá. Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ wà níbẹ̀ fún ará Èkó, ọ̀nà Ìdí-Ayùnrẹ́ sì wà fún ará Ìbàdàn. Àwọn arìnrìn-àjò tó ń kọjá lójoojúmọ́ kò lóǹkà. Bí ẹni tó ń kọjá kò bá rí ìdí tí yóò fi dúró, owó rẹ̀ ń bá a lọ nìyẹn.

Ẹ má ta irọ́ fún oníbàárà

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi Òkè-Èrí ṣòwò mọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Bílíkísù Súngbọ́ ni Ọbabìnrin Ṣébà tí Bíbélì àti Kùránì sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn ni wọ́n fi ìgbà Sólómọ́nì sí. Darling fi Erédò sí nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn. Ìwádìí tó tẹ̀lé e, tí Gérard Chouin àti Ọlánrewájú Lásísì wà lára àwọn tó ṣe é, tún mú un súnmọ́ òde òní, sí ìparí àwọn ọdún 1300 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1400.

Èyí kò ba ọjà jẹ́ rárá. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá Ìjẹ̀bú ni Erédò, ìyẹn nìkan tó láti mú àlejò rìn láti ọ̀nà jíjìn. Afinimọ̀nà tó bá sọ ìtàn gẹ́gẹ́ bí ìtàn, tó sì sọ ìwádìí gẹ́gẹ́ bí ìwádìí, ni àlejò yóò padà wá bá. Àlejò òde òní ní fóònù lọ́wọ́, kò ní í pẹ́ kó tó mọ̀ bí wọ́n bá parọ́ fún un.

Ohun tí Òṣogbo àti Abẹ́òkúta fi hàn

Ọdún 1995 ni orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti fi Erédò Súngbọ́ sínú ìwé àwọn ibi tó ń retí kí àjọ UNESCO gbà wọlé sára àwọn ogún àgbáyé. Láti ìgbà náà, Sukur ní ìpínlẹ̀ Adamawa wọlé ní ọdún 1999, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wọlé ní 2005. Erédò ṣì wà lórí ìlà.

Òṣogbo kò fọwọ́ lẹ́rán kó tó rí oyè yẹn gbà. Láti ọdún 1965 ni ìjọba ti sọ apá kan igbó náà di ohun ìdáàbòbò. Olóògbé Susanne Wenger àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́ fi ọ̀pọ̀ ọdún tún ojúbọ ibẹ̀ ṣe, kí ìyá náà tó jáde láyé ní 2009. Bí oṣù kẹjọ bá dé, aláṣọ àdìrẹ, agbẹ́gilére, onílé ìtura àti olóúnjẹ ló ń pín nínú owó àlejò.

Ní Abẹ́òkúta, tí òun náà wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àlejò ń sanwó kó tó gun Olúmọ. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ tán, ọjà àdìrẹ Ìtọ́kú kò jìnnà sí i. Àpáta náà kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú àwọn ìyálọ́jà Ìtọ́kú, síbẹ̀ àpáta ń bá wọn pe oníbàárà.

Iṣu èèbù kọ́ ni jíjẹ

Ewu tó wà fún Òkè-Èrí àti agbègbè rẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n fẹ́ tà lè tán kí ọjà tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí Erédò gbà kọjá, oko, ilé àti ojú ọ̀nà ti jẹ nínú rẹ̀, àwọn tó ń wa yẹ̀pẹ̀ pupa fún ilé kíkọ́ náà kò sì yọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ta yẹ̀pẹ̀ ògiri náà rí owó gbà lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, kò sí ògiri mọ́, kò sí àlejò pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kékeré gbé e yẹ̀ wò. Ká ní bọ́ọ̀sì kan gbé àlejò 15 wá sí òkè náà lọ́jọ́ Sátidé kan. Ká ní ẹnì kọ̀ọ̀kan san N1,000 fún afinimọ̀nà, ó jẹ ìkọ́kọrẹ́ tàbí oúnjẹ mìíràn N2,500, ó ra omi àti ohun mímu N700, ó sì ra gaàrí Ìjẹ̀bú àti ohun ìrántí N3,000 lọ sílé. N7,200 ni ti ẹnì kan, N108,000 ni ti gbogbo wọn. Bí bọ́ọ̀sì kan péré bá ń wá lọ́sẹ̀, láàrin ọ̀sẹ̀ 50 lọ́dún, N5,400,000 ló wọlé. Owó tó wọlé ni o, kì í ṣe èrè, a ó yọ owó ọjà àti ìnáwó kúrò. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni owó náà yóò gbà kọjá, yóò sì tún padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Tipa yẹ̀pẹ̀ kan kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Àpẹẹrẹ kò jìnnà

Bí wọ́n bá ń wá ẹ̀rí pé ìlú kékeré lè di ìlú mọ̀ọ́ká nípa òwò kan, kí wọ́n wo Èrìwé, tí òun náà wà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Ní ọdún 1999, wọ́n ṣe ìpàdé ńlá ní Ìjẹ̀bú-Òde lórí bí wọ́n ṣe lè dín ìṣẹ́ kù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje, onímọ̀ jọ́gíráfì tó di olóògbé ní 2022, wà lára àwọn tó ṣíwájú ètò náà. Lára ohun tó ti ibẹ̀ jáde ni ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ adágún ẹja tí wọ́n gbẹ́ sójú kan ní Èrìwé. Kálukú ló ni adágún tirẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n wà pa pọ̀, ẹni tó bá fẹ́ ra ẹja púpọ̀ mọ ibi tó máa forí lé.

Ojúde Ọba fúnra rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ ní ńlá. Ìkíni àti ìdúpẹ́ tí àwọn Mùsùlùmí ń lọ ṣe lójúde Awùjalẹ̀ ló di ohun tí ilé-iṣẹ́ bíi Glo ń fi owó wọn tì lẹ́yìn. Lásìkò Ọba Síkírù Adétọ̀nà, tó gun orí ìtẹ́ ní 1960, tó sì wàjà ní ọjọ́ 13, oṣù keje, ọdún 2025, ni òkìkí rẹ̀ kàn débi tó dé yìí.

Ibi tí oníṣòwò kékeré ti lè bẹ̀rẹ̀

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ ní agbègbè náà, kí ó bi àwọn àgbà ìdílé àti àwọn awọnlẹ̀ bóyá Erédò gbabẹ̀ kọjá, kó tó sanwó. Ilé tí wọ́n bá kọ́ sórí ohun ogún lè di ẹjọ́ lọ́la.

Lọ́nà kejì, kí àwọn ọlọ́kadà, onímáàrúwá, olóúnjẹ àti ayàwòrán dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí iye tí wọn yóò máa gbà. Àlejò tí wọ́n bá rẹ́ jẹ lẹ́ẹ̀kan kì í padà wá, yóò sì sọ fún ẹlòmíràn.

Lọ́nà kẹta, ibojì jẹ́ ibi àdúrà. Ìmọ̀ràn àwọn baálẹ̀ àti àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbà kí ẹnikẹ́ni tó gbé àtẹ síbẹ̀. Ìsàlẹ̀ òkè tó fún ọjà títà.

Lọ́nà kẹrin, kí wọ́n má dúró de ìjọba kí wọ́n tó ṣe ohun tí agbára wọn ká: ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́, pátákó tó ń tọ́ka ọ̀nà, omi tó ṣeé mu. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Tai Solarin ní Ìjagun àti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama agbègbè náà ni wọ́n lè kọ́kọ́ pè, nítorí ẹsẹ̀ wọn kò jìnnà.

Súngbọ́ kò bímọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n ní ó gbẹ́ ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Bí àwọn ará Òkè-Èrí àti àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú-Òde bá tọ́jú ogún náà, àtọmọdọ́mọ wọn yóò máa rí i jẹ. Bí wọ́n bá tà á ní yẹ̀pẹ̀, ẹni tó ra yẹ̀pẹ̀ nìkan ló jèrè.